Ìbejì Ọ̀sẹ̀ Keje

Fọ́tò kan wà nínú àpò ìfàlọ́wọ́ àbúrò màmá mi. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bébà rẹ̀ ń dán, gbogbo ara rẹ̀ dúdú bí ìgbà tí iná bá lọ lóru, àmọ́ láàárín òkùnkùn náà, nǹkan kan wà tó rí bí ẹ̀wà méjì tí a gbé sínú àwo méjì. Ìbejì ni wọ́n. Oyún ọ̀sẹ̀ méje ni nígbà tí wọ́n yà á, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí àǹtí mi ti ń retí ọmọ. Nígbà tó mú un dé Ìwó, ìyá àgbà gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, “Níbo ni orí wọn wà?” Kò sí ẹni tó lè fi orí hàn án.

Ìyá àgbà náà bí ìbejì. Ó ní òun kò mọ̀ pé méjì ni títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó ti bí Táíwò tán, agbẹ̀bí ti ń wá abẹ tó máa fi gé ìwọ́, kó tó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, tó sì pariwo pé òmíràn ṣì kù nínú. Láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi, ìran kan péré ni. Ṣùgbọ́n láàárín ìran kan yẹn, àkókò tí ìyá fi ń mọ̀ pé ìbejì ni òun lóyún rẹ̀ ti kúrò ní ọjọ́ ìbí, ó ti padà sẹ́yìn dé ọ̀sẹ̀ keje. Bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tó gbé wá bá wa, ni mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ síbí. Àǹtí mi mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ òun.

Láyé àtijọ́, a kì í pariwo oyún tuntun. Èdè wa gan-an fi hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kì í yára sọ pé obìnrin lóyún. Wọ́n á ní ó fẹ́ra kù, tàbí kí wọ́n kàn ní ara rẹ̀ kò ṣe ọ̀kan. Wọ́n á dúró kí ọlẹ̀ sọ nínú, bíi oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ọkàn wọn tó balẹ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Oyún tó máa ń wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, ẹni tí kò bá sì tíì sọ fún ará ilé kò ní àlàyé kankan láti ṣe bó bá bàjẹ́. Obìnrin á sunkún rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, á bọ́jú, á sì padà sí ọjà.

Ti ìbejì tún wá lọ́tọ̀. Agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ lè fura bí ikùn bá tóbi ju oṣù rẹ̀ lọ, bí ẹsẹ̀ aboyún bá wú, tàbí bí ìyá bá ní wọ́n ń ta òun nípàá lọ́tùn-ún àti lósì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn á lọ bi Ifá. Síbẹ̀, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ló ń fi òótọ́ hàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo orúkọ tí a ń sọ ìbejì fi jẹ́ orúkọ ẹnu-ọ̀nà. Táyéwò ni ẹni tó kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé ni ẹni tó dé kẹ́yìn, a sì gbà pé òun ni ẹ̀gbọ́n nítorí òun ló rán èkejì níṣẹ́. Èyí tí a bá bí tẹ̀lé wọn ni Ìdòwú, Àlàbá sì tẹ̀lé Ìdòwú. Ní Ìwó níbí, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀, ọ̀pọ̀ ìbejì ọkùnrin tún ń jẹ́ Alásan àti Ùsẹ́nì. Ẹ wo àwọn orúkọ àmútọ̀runwá yìí dáadáa: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ọmọ tí kò tíì gba ẹnu-ọ̀nà kọjá mu. Kí òǹkàwé mi jọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà síbẹ̀.

Ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibi púpọ̀ lọ láyé. Dókítà Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, fi ọ̀pọ̀ ọdún ka iye ìbejì tí wọ́n ń bí ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ohun tó rí ni pé nínú 1000 ìbímọ, ìbejì á tó 45 sí 50. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí ìtọ́jú àìríbí tó gbòde, bíi 12 ni. Ìlú Ìgbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló lókìkí jù, débi pé láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì níbẹ̀, tí àwọn ìbejì ń wọṣọ kan náà wá láti ìlú mìíràn. Bí ẹ bá bi àwọn ará Ìgbó-Ọrà léèrè ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ wọn á ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni. Ìlasa wà ní Ìwó náà, a sì ń jẹ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìbejì tó wà ní kíláàsì mi kò ju méjì lọ, ọmọ ìyá kan náà sì ni àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ tó nígbà náà ni wọ́n ń kú tó. Ìbejì sábà máa ń kéré, oṣù wọn kì í sábà pé, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru nígbà yẹn. Bí ọ̀kan bá kú, ìdílé á lọ bá babaláwo, a ó sì ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère ìbejì. Ère náà kì í jọ ọmọ ọwọ́, ẹni tó ti dàgbà ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí. Ìyá á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á wọ aṣọ fún un, á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ́ èyí tó wà láàyè. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn abọ̀rìṣà nìkan ni. Àwọn ère ìbejì kan wà tí wọ́n gbẹ́ tírà sí láyà, bí irú èyí tí àlùfáà ń ṣe. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ̀ pé ilé Mùsùlùmí náà ń pàdánù ìbejì.

Nígbà tó yá, bèbí oníróbà tí wọ́n ń tà lọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi. Fọ́tò náà tún dé. Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, láti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ibẹ̀. Ó kọ ohun tó rí jáde ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á so àwòrán méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì dà bí ẹni tó jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé takọ-tabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ronú nípa ọmọ yẹn púpọ̀, tó jókòó fún àwòrán ara rẹ̀, tí wọ́n sì tún ní kó jókòó fún ti ẹni tó ti lọ.

Igi, róbà, fọ́tò: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n ń tọ́jú àyè fún ọmọ tí ojú ti rí, tó ti sunkún, tó ti gba orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ikú díẹ̀, kí n sọ ìdí tí àwa fi ń bí ìbejì tó bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ti wọlé. Oríṣi méjì ni ìbejì. Àwọn kan wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì. Irú wọn kò ju bíi 4 lọ nínú 1000 ìbímọ níbi gbogbo láyé, Yorùbá kò sì yàtọ̀. Àwọn yòókù wá láti inú ẹyin méjì tí obìnrin tú sílẹ̀ lóṣù kan náà. Irú èyí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nylander yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wò ní Ìbàdàn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1973: àwọn tó ti bí ìbejì ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní FSH nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju àwọn tí kò bí ìbejì lọ. Họ́mọ̀nù ni FSH. Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti ń wá, ó ń lọ sí ilé ẹyin láti sọ fún ẹyin pé kó gbó. Bí ìránṣẹ́ náà bá pọ̀, ẹyin tó máa gbó lóṣù kan lè di méjì.

FSH yìí kan náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún àǹtí mi. Ìtàn abẹ́rẹ́ náà dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí tó kù lọ. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, FSH máa ń pọ̀ nínú ara rẹ̀, á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Ní Ítálì, ilé iṣẹ́ apòògùn Serono fẹ́ ìtọ̀ irú àwọn ìyá àgbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ púpọ̀púpọ̀. Níbo ni wọ́n ti máa rí àgbàlagbà obìnrin tó pọ̀ lójú kan, tó sì dájú pé kò sí aboyún láàárín wọn? Wọ́n lọ sí ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà. Ìtọ̀ àwọn sísítà ni wọ́n fi ṣe oògùn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sì ni obìnrin tó gbà á ní Ísírẹ́lì, lábẹ́ ìtọ́jú Dókítà Bruno Lunenfeld, kọ́kọ́ fi lóyún. Àwọn tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní bímọ ló la ọ̀nà fún àwọn tó ń fi omijé wá ọmọ. Lónìí, púpọ̀ nínú oògùn náà ni wọ́n ti ń ṣe ní yàrá ìwádìí láìlo ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ka èyí, mo rí i pé ohun tí ara ìyá àgbà mi ṣe fúnra rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ bẹ ara àǹtí mi pé kó ṣe.

Abẹ́rẹ́ nìkan kò sì tó fún un, nítorí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ ló dí nínú ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà ẹyin tó dí nítorí àkóràn tí wọn kò tọ́jú dáadáa wà lára ohun tó ń fa àìríbí jù lọ. Àìmọ̀ èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin gba orúkọ àgàn, tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn bọ́ sí orí òkè àdúrà, tí wọ́n ń ti orí òkè bọ́ sí ilé adáhunṣe. Nítorí irú wọn ni Robert Edwards, Patrick Steptoe àti nọ́ọ̀sì Jean Purdy ṣe fi bíi ọdún mẹ́wàá wá ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú ẹyin jáde kúrò lára obìnrin, wọ́n jẹ́ kó pàdé àtọ̀ ọkọ nínú àwo, wọ́n sì dá ọlẹ̀ tó tibẹ̀ jáde padà sínú ilé ọmọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 1978, wọ́n bí Louise Brown ní ìlú Oldham. Edwards gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010. Àwọn méjì yòókù ti kú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àmì ìrántí iṣẹ́ náà sí Oldham, Edwards bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ Purdy sí i, wọn kò sì kọ ọ́. Èyí bí mi nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀.

Ní Ìwó, ìlú àwọn àlùfáà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà bi àǹtí mi kì í ṣe ti owó. Ó ní ṣé ẹ̀sìn fàyè gbà á? Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1980, ọdún méjì péré lẹ́yìn Louise Brown, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní Al-Azhar ní Íjíbítì ti sọ pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ ẹyin ìyàwó àti àtọ̀ ọkọ rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò wọ àárín wọn. Ìjọ Àgùdà ní tiwọn sọ ní 1987 pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Àwọn sísítà yẹn wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà á.

Èkó ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru dáwọ́ lé e ní LUTH láàárín àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ròyìn ọmọ tí wọ́n bí nípa rẹ̀ ní 1989. Ní 1998, ilé ìwòsàn Nisa Premier ti Dókítà Ibrahim Wada ní Àbújá kéde tiwọn, ariwo èyí sì pọ̀ débi pé títí di òní ni àwọn kan ń pè é ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Báwo ni ọmọ àkọ́kọ́ ṣe lè di ohun tí à ń jiyàn lé lórí? Lójú tèmi, àṣírí ló fà á. Ìdílé tó bá bímọ lọ́nà yìí kì í sábà fẹ́ kí ayé gbọ́, kí wọ́n má bàa pe ọmọ wọn ní ọmọ inú ìgò. Àǹtí mi náà, ilé nìkan ló mọ̀. Ní àdúgbò, wọ́n rò pé ó kàn ń lọ ra ọjà ní Ìbàdàn ni.

Louise Brown wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, láìsí abẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí àwọn dókítà ti ń fi abẹ́rẹ́ FSH kún un, ẹyin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọlẹ̀ kọ́ ló ń dúró, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dá méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, padà kí ọ̀kan lè dúró. Ìbejì àkọ́kọ́ nípa ọ̀nà yìí wáyé ní Ọsirélíà ní 1981. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù lónìí, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń dá padà, nítorí oyún ìbejì le fún ìyá ju oyún ọmọ kan lọ: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ìjọba máa ń bá wọn san lára owó ìtọ́jú náà. Lọ́dọ̀ wa, tọkọtaya ló ń san án látinú àpò ara wọn, ẹni tó sì ta ilẹ̀ kó tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n dá ọ̀kan padà. Ọkọ àǹtí mi ta mọ́tò rẹ̀. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé ewu ìbejì fún un, ó ní, “Ẹ bá wa fi méjì sí i, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìbejì kì í ṣe àìsàn lọ́dọ̀ wa.” N kò dá a lẹ́bi. Mi ò sì rò pé dókítà náà jẹ̀bi láti sọ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí wọ́n ti Èkó pa nítorí àrùn Kòrónà, obìnrin ẹni ọdún 68 kan bí ìbejì ní LUTH, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ó ti gba ìtọ́jú níbòmíràn kó tó wá bí wọn níbẹ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tó sì máa bímọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ìròyìn ọjọ́ ìbí náà tàn káàkiri ayé, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Èmi máa ń ro àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, nígbà tí kò sí oníròyìn kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìtọ́jú yìí yí padà jù. Ẹni tó lóyún bí gbogbo ènìyàn ṣe ń lóyún lè má tilẹ̀ fura ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹni tó gba ìtọ́jú mọ ọjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ wákàtí. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n mú ẹyin, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n dá ọlẹ̀ padà. Bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà síkáànù. Ìṣirò wọn tilẹ̀ kọ́kọ́ rú mi lójú. Wọ́n ń kà á bí ẹni pé oyún ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹyin tó pàdé àtọ̀, nítorí náà oyún ọ̀sẹ̀ méje nínú fọ́tò àǹtí mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló ti wà láyé. Láàárín àkókò yẹn, àǹtí mi ń bì láàárọ̀, ó ń bì lálẹ́. Òórùn ata díndín ń lé e jáde nílé. Gbogbo ìgbà tó bá lọ ilé ìtọ̀ ló ń wo aṣọ rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Màmá mi ní kó máa fọkàn balẹ̀. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Dókítà Ian Donald ti ìlú Glasgow ló mú ẹ̀rọ síkáànù wọ ìtọ́jú aboyún. Iṣẹ́ irin ńlá ni wọ́n ń ṣe ní ìlú yẹn, wọ́n sì máa ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ láti wá ibi tí irin ti sán nínú. Donald rò ó pé ohun tó lè rí inú irin lè rí inú ikùn. Ní 1958 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àwọn àwòrán wọn jáde. Kí èyí tó dé, kò sí ìyá kankan láyé, funfun tàbí dúdú, tó rí ọmọ ọ̀sẹ̀ méje rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dára sí i, ó fi ohun kan hàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ bó ṣe pọ̀ tó: oyún tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbejì, tó sì parí ní ọmọ kan. Ọ̀kan á dákẹ́, ara ìyá á sì gbà á padà díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ìrora. Kì í ṣe nítorí ohun tí ìyá gbé tàbí ohun tó jẹ. Láàárín àwọn ìyá àgbà wa tó bí ọmọ kan, ó dájú pé àwọn kan wà tí wọ́n fi méjì bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi kú. Àwa tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó báyìí ti ń pàdánù irú ìbejì bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Kò sí ère fún wọn, nítorí kò sí ẹni tó rí wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá ló ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú kàn ní, “Èkejì ti lọ,” ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń wọn èyí tó kù. Àǹtí mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ kan ṣe ń lù kìkìkì. Ó ní òun kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, kí òun sunkún ni, tàbí kí òun dúpẹ́. Nílé, gbogbo ẹni tó gbọ́ ní, “Ṣebí ọ̀kan ṣì wà, dúpẹ́ ni o.” Ó ń dúpẹ́. Bó bá di alẹ́, ó ń gbé fọ́tò yẹn jáde.

Ìyá àgbà ló béèrè ohun tí gbogbo wa ń sá fún: kí ni a máa ṣe fún èyí tó lọ? Ká ní a bí i ni, a mọ ohun tó kàn. Àlùfáà á wá, a ó sin ín, a ó ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n kò sí òkú tí a máa sin, kò sì sí orúkọ tí a máa fi ṣe àdúà. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ kejì fi dé, obìnrin, ara rẹ̀ pé, ohùn rẹ̀ sì le. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ tún gbé àríyànjiyàn dìde. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni Kẹ́hìndé nínú ìbejì tí ìyá àgbà bí; Táíwò rẹ̀ kú kí wọ́n tó já wọn lẹ́nu ọmú. Òun ló ní a kò lè pe ọmọ náà ní ìbejì.

“Ta ló ṣáájú rẹ̀ jáde?” ó béèrè. “Kẹ́hìndé ta ni?”

Ìyá àgbà ní ẹni tó kẹ́yìn ló kẹ́yìn. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ìwọ tí o ò rántí ojú Táíwò tìrẹ, ta ló sọ fún ọ pé Kẹ́hìndé ni ọ́? Ṣebí èmi ni.”

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kò fèsì. Àgbàlagbà ni, ó ti ní ọmọ tó ju mí lọ, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní orúkọ Mùsùlùmí kan àti orúkọ Yorùbá méjì. Kẹ́hìndé kò sí nínú wọn. Bó bá sì ku òun àti ìyá àgbà nìkan nínú yàrá, ìyá àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àǹtí mi bá tún bí òmíràn, mi ò mọ̀ bóyá Ìdòwú ni a máa pè é. Mo bi olùkọ́ Yorùbá wa léèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó bí i ná. Èmi kò rò pé àṣà wa kò bìkítà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì pàdé rẹ̀ rí ni. Nígbà tó pàdé róbà, ó mọ ohun tó fi ṣe. Nígbà tó pàdé fọ́tò, àwọn ará Ìlá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe.

Lóṣù tó kọjá, àǹtí mi fún mi ní fọ́tò náà pé kí n lọ bá òun ṣe láminéètì rẹ̀ ní Odò-Orí, nítorí àwòrán inú rẹ̀ ti ń ṣá. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù gbà á, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní irú bébà yìí kì í fẹ́ iná. Bó bá fi lè gba inú ẹ̀rọ òun kọjá, gbogbo rẹ̀ á di dúdú, a ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó ní kí n gbé e sórí tábìlì, níbi tí oòrùn kò ti ta sí i. Ó fi fóònù yà á, ó sì ní òun lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó le. Ó bi mí pé mélòó ni mo fẹ́. Mo ní méjì.